Ọjọ́ Tí Mo Pe Bọ́sẹ̀dé Ní Olè Ohùn

Àwọn tó ṣáájú mi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òtútù fún mi. Láti Òkìtìpupa ni mo ti ra ìbọ̀wọ́, tí àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́rọ́rọ́. Ní òpópónà tí mo ń gbé, ó lè tó wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án gangan tí n kò ní gbọ́ ohùn èèyàn kan ṣoṣo. Kò sí adìyẹ. Kò sí ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti ojúde pé kó wá jẹun. Ilẹ̀kùn á ṣí, á padé, ọkọ̀ á gbéra, ó parí. Lọ́sẹ̀ kìíní, mo máa ń tan omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná kí n ṣáà lè gbọ́ nǹkan.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ní tirẹ̀, ariwo ni. Ilé tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni: aṣọ ibùsùn, aṣọ ìnura, aṣọ àwọn dókítà, òkìtì lórí òkìtì. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ga ju èèyàn lọ, wọ́n sì ń bú ramúramù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún wa ní ohun rọ̀bọ̀tọ̀ méjì tí a fi ń dí etí. Ẹ wá wò ó: mo kúrò nínú ilé tí kò sí ohùn, mo wọ ibi tí ohùn ti pọ̀ débi pé a ń dí etí sí i. Láàárín méjèèjì, kò síbi tí wọ́n ti nílò ohùn tèmi.

Bẹ́ẹ̀, ohùn ni mo fi ń jẹ́ èèyàn nílé. Ìlútítun ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé á máa fi orin tí mo lé ní ọjọ́ ìsinmi kí mi. Ní ọdún tí mo kúrò nílé gan-an la ṣe sídíì wa. Bọ̀dá Akin, ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin, ló kó wa lọ sí sítúdíò kan ní Òkìtìpupa. Orin mẹ́jọ la kọ síbẹ̀. Èmi ni mo lé gbogbo mẹ́jọ.

Mo gbé sídíì kan wá sí ilẹ̀ yìí. Mo fi gèlè wé e, mo tì í sáàárín púpurú àti gaàrí. Ìgbà tí mo dé ni mo rí i pé kò síbi tí màá fi sí. Nínú ilé tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ sídíì. Ọmọbìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi mú un lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Àwọn òbí mi ní irú èyí nígbà kan." Mo gbà á padà, mo sì gbé e sórí fèrèsé. Ibẹ̀ ló wà fún bí ọdún kan àbọ̀, tí òjò ìlú wọn ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Bọ́sẹ̀dé jẹ́. Ọmọ Àyèká ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìlútítun, tó sì wọ ẹgbẹ́ akọrin. Kò lè lanu. Tí Bọ̀dá Akin bá ní kó dá kọ orin, á wo ilẹ̀, omi á gba ojú rẹ̀. Èmi ni mo mú un. Lẹ́yìn ìfikọ́rin, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, màá ní kó dúró ní ẹnu ọ̀nà ìjọ, èmi á lọ dúró sídìí pẹpẹ, màá ní, "Fi ohùn ránṣẹ́ sí mi níbí. Má pariwo o. Ránṣẹ́ ni mo ní." Ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí ló ń pè mí. Tí mo bá ń lé orin, ẹ̀yìn mi ni ó máa ń dúró sí, yóò máa gbe ohùn kejì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbi tó wà yẹn, lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, èmi fúnra mi ni mo sọ fún Bọ̀dá Akin pé kó fi Bọ́sẹ̀dé sípò mi. Mo sì sọ fún Bọ́sẹ̀dé pé kó máa yà wo ìyá mi, nítorí èmi nìkan lọmọ tó bí. Ohun méjì tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé fún un nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ń kà á má bàa sọ pé ó jà mí lólè.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pe ìyá mi. Ìkálẹ̀ la jọ ń sọ, Yorùbá ìwé ni mo kàn fi ń kọ ọ́ síbí.

"Ìyá, ẹ káàsán o."

"Ọmọ mi! Bọ́sẹ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí ni. Ó bá mi gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ láti Òkìtìpupa."

"Ó ṣeun."

"Ó tún bá mi wo fóònù tí kò fẹ́ gba iná mọ́. Òun ló tún un ṣe."

"Ó ṣeun gan-an."

Lọ́sẹ̀ kejì, Bọ́sẹ̀dé ló bá a kó epo tó ń tà lọ fún oníbàárà. Lọ́sẹ̀ kẹta, Bọ́sẹ̀dé ló se ọbẹ̀ marúgbó.

"Bí ìgbà tí ìwọ sè é ló rí," ni ìyá mi wí. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Kí n sọ òótọ́, ó tilẹ̀ dùn ju tìrẹ lọ díẹ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo pa fóònù, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo ọwọ́ mi tí ọṣẹ ilé ìfọṣọ ti bó. Ọbẹ̀ ni o. Ọbẹ̀ lásán ni mo ń torí rẹ̀ jowú.

Ẹni tó wà nílé kò lè mọ irú owú yìí. Tí èèyàn bá kúrò, ó máa ń rò pé àyè òun á ṣófo, pé wọ́n á máa rìn yí i ká, wọ́n á máa sọ pé, "Ibi tó máa ń jókòó sí nìyí." Kì í rí bẹ́ẹ̀. Àyè kì í ṣófo. Omi kì í fi ojú ihò sílẹ̀ nígbà tí a bá bu igbá kan nínú rẹ̀. Ohun tó sì burú jù ni pé, èèyàn á mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn. Ìyá mi kò dá wà. Orin kò dúró. Kí ni mo tún fẹ́? Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró díẹ̀ ni. Kí ó dúró nítorí mi.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, a wà ní yàrá tí a ti ń mu tíì níbi iṣẹ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi látọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀dé. "Àǹtí, ẹ bá wa yọ̀! Bọ̀dá Akin ti gbé sídíì wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè gbọ́ ọ níbikíbi báyìí." Ó fi ibi tí mo máa tẹ̀ sí i.

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwòrán ni mo kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe àwòrán tó wà lára sídíì tèmi, níbi tí mo ti dúró síwájú nínú aṣọ funfun. Tuntun ni. Bọ́sẹ̀dé ló wà níwájú, ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ń dán. Mo wá ara mi títí kí n tó rántí pé n kò sí níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa wà níbẹ̀?

Mo ki íàpíìsì bọ etí, mo sì lọ sórí orin karùn-ún, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń gòkè lọ: *Ọwọ́ tó mú mi jáde, òun ló mọ ọ̀nà ilé.* Lórí "ilé" yẹn, ohùn á ga, á dúró, á dúró, títí gbogbo ìjọ á fi dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ mí ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Wọ́n ti pè mí dé ìlú Ìrẹ̀lẹ̀ nítorí ibẹ̀ nìkan.

Ohùn tó wọ etí mi rí tín-ín-rín. Ó dà bí ohùn ẹni tó wà nínú agolo. Àwọn ìlù gbẹ, dùùrù rí bí omi tó ń kán sórí páànù, èmi fúnra mi sì jìnnà réré. Ṣùgbọ́n ohùn Bọ́sẹ̀dé, ohùn kejì yẹn, mo ń gbọ́ ọ kedere. Bí ẹni pé wọ́n fà á síwájú, wọ́n sì tì mí sẹ́yìn.

Rọ́jà wà nídìí tábìlì kejì. Òun ni ọkùnrin tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Wọ́n ti ba orin mi jẹ́," ni mo sọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn èèyàn ti lò, mo sì rí ẹ̀rọ sídíì kan níbẹ̀, dúdú, tó ní sípíkà méjì lára. Mo gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ. Mo nu ojú sídíì mi pẹ̀lú etí gèlè, mo fi sínú rẹ̀, mo sì tẹ orin karùn-ún.

Yàrá mi kún! Ìlù wọlé láti ìsàlẹ̀, ó ń mì tábìlì. Dùùrù dún kíkún. Ohùn mi jáde síta, ó gbòòrò, ó gbóná, ó gun "ilé" lọ, ó sì dúró síbẹ̀. Mo dìde. Èmi nìkan nínú yàrá, mo dìde fún ara mi. Ọmọbìnrin yàrá kejì kan ilẹ̀kùn, mo rò pé ariwo ló fẹ́ tìtorí rẹ̀ bá mi wí, àṣé ó fẹ́ béèrè ẹni tí olórin náà jẹ́ ni. Mo ní, "Èmi ni." Ó la ẹnu rẹ̀, kò sì pa á dé fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ náà ni inú mi kọ́kọ́ dùn dáadáa ní ilẹ̀ yìí.

Inú dídùn yẹn kò pé wákàtí kan tó fi di ìbínú. Mo tún gbọ́ ti orí fóònù, mo tún gbọ́ ti sídíì. Fóònù, sídíì. Orin kan náà, ọjọ́ kan náà, ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹni tó gba ipò mi, tó gba ìyá mi, tó gba iwájú àwòrán, ó tún ti wọ inú orin lọ láti dín ohùn mi kù kí tirẹ̀ lè yọ.

Mo pè é.

"Àǹtí! Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Mo sì ti gbọ́ ohun tí ẹ ṣe sí i."

"Kí la ṣe, Àǹtí?"

"O fa ohùn tìrẹ síwájú, o ti tèmi sẹ́yìn. Ṣé o rò pé n kò ní mọ̀? Ta ló kọ́ ẹ láti lanu? Olè ohùn ni ẹ́, Bọ́sẹ̀dé. Kúrò nílé ìyá mi pẹ̀lú. O ti jẹ tó."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀, mo gbọ́ adìyẹ kan lẹ́yìn rẹ̀ lókèèrè. Ó wá sọ wẹ́rẹ́, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí," ó sì pa fóònù. Mo rò pé ara máa tù mí. Ara kò tù mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí ìyá mi kò dárúkọ Bọ́sẹ̀dé nínú gbogbo ìpè Sátidé wa, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Kì í pè mí, èmi ni mo máa ń pè é, nítorí náà mo ti mọ̀ pé nǹkan wà.

"Kí lo sọ fún Bọ́sẹ̀dé?"

"Kí ló ní mo sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kò wá mọ́. Ó fi oògùn mi rán ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò sì tẹ̀lé e wá. Bọ̀dá Akin ní ó ti sọ pé òun kò lé orin mọ́, pé kí wọ́n wá ẹlòmíì. Ìwọ ni mò ń bi léèrè. Kí lo sọ fún un?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí olè.

Ìyá mi kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà. O jìnnà débi pé n kò lè rí ojú rẹ, ẹni tí mò ń rí lójoojúmọ́, o tún lé e kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi ni ìyẹn náà."

*Ọmọ mi.* Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi nìkan láyé, ó ti pín in. Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti fi ọjọ́ mélòó kan jókòó nìkan lójúde kó tó pè mí.

Síbẹ̀, n kò gbà pé mo jẹ̀bi. Mo ní ẹ̀rí. Sídíì mi ni ẹ̀rí mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́, mo sì sọ fún Rọ́jà pé ẹ̀rọ sídíì ni ẹ̀rọ òótọ́, pé ti íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ irọ́ pọ́nńbélé. Mo rò pé á tì mí lẹ́yìn, nítorí mo ti gbọ́ pé sídíì kún ilé rẹ̀. Ó fọ ife tíì rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Íàpíìsì kóńkó lo fi gbọ́ ìkan, sípíkà lo fi gbọ́ ìkejì. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́. Gbé méjèèjì wá sílé mi lọ́sàn-án Sátidé. Ìyàwó mi á ṣe àkàrà òyìnbó."

Ilé kékeré ni ilé wọn, ṣùgbọ́n sípíkà méjì tó wà ní pálọ̀ ga dé ìbàdí mi. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Líńdà, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, orin ló kàn wu òun. Rọ́jà fi sídíì mi sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi okùn so fóònù mi mọ́ àwọn sípíkà kan náà. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn bí wọ́n ṣe ń dún kí ìkan má bàa ròkè ju ìkejì. "Èyí tó bá ròkè díẹ̀," ni ó wí, "etí á ní òun ló dára jù." Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun, kí n máa sọ èyí tó jẹ́ sídíì.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìgbà kejì náà. "Ìyẹn ni fóònù," ni mo wí, "ẹ gbọ́ bó ṣe gbẹ!" Inú mi dùn, mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyá mi.

Rọ́jà mú fóònù mi, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Ta ló dín bí orin ṣe ń wọlé sórí fóònù yìí kù dé ibi tó kéré jù lọ?"

Èmi ni. Ní oṣù tí mo dé, ẹnì kan kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é kí orin má bàa jẹ dátà mi. Mo ti gbàgbé pátápátá. Rọ́jà ṣàlàyé pé ńṣe ni áàpù ń fún orin pọ̀ bí ẹni fún aṣọ kó lè wọ àpò kékeré, ohun tó bá sì jábọ́ nígbà ìfúnpọ̀, kò ní dé etí. Ó ṣí i dé òkè pátá, ó ní kí n kọ ẹ̀yìn padà.

Ìgbà mẹ́wàá ló pààrọ̀ wọn, tó ń kọ ìdáhùn mi sínú ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí, mò ń fetí sílẹ̀ débi pé ọrùn ń dùn mí. Nígbà tó parí, ó fi ìwé náà hàn mí. Mẹ́rin ni mo gbà. Mẹ́fà ni mo ṣì. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mo fi ọwọ́ lu itan mi, tí mo ní, "Sídíì nìyẹn! Ẹ gbọ́ bí ohùn mi ṣe kún!" Fóònù ni.

"Èmi náà kì í gba gbogbo rẹ̀," ni Rọ́jà wí. "Mo fẹ́ràn sídíì mi. Mo lè mú un dání, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò lórí pẹpẹ mi. Ṣùgbọ́n etí kì í dá gbọ́rọ̀. Ohun tí ọkàn bá ti fẹ́, ìyẹn ló ń gbọ́."

Líńdà gbé tíì wá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tan orin náà kí òun gbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìsí ìdánwò. Rọ́jà tan ti sídíì. Nígbà tó dé "ilé" yẹn, Líńdà gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ta ni obìnrin kejì yẹn?"

"Ibo?"

"Níbi tó ga jù yẹn. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ nígbà tí ìwọ dákẹ́."

Mo ní n kò dákẹ́. Mo ní èmi ni mo gbé e dé òkè. Líńdà ní, "Háà, má bínú," ó sì wo ọkọ rẹ̀. Rọ́jà dá orin padà sẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Nínú àwọn sípíkà ńlá yẹn, kò síbi tí mo lè sá sí. Ohùn mi gòkè, ó dé ibi kan, ó sán bí ìgò, ó sì já. Kí ó tó já tán, ohùn míì ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti di ìdí rẹ̀ mú, ó gbà á, ó gbé e lọ sókè, ó dúró, ó dúró. Ohùn yẹn kò pariwo. Ńṣe ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Mo mọ ẹni tí mo kọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Rọ́jà tan ti fóònù. Ohun kan náà. Mo tún gbọ́ ti sídíì. Ohun kan náà ni. Líńdà wá jókòó tì mí, ó gba ife ọwọ́ mi kó má bàa dànù.

Ohun tí mo mọ̀ lára nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe ìtìjú ló kọ́kọ́ dé. Owú ni, ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohùn yẹn dára! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá a, ọmọ tí mo kọ́ ló rí i. Ìtìjú tẹ̀lé e wọlé lẹ́yìn.

Ọjọ́ méjì ni Bọ́sẹ̀dé kò fi gbé ìpè mi. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé e.

"Ẹ káàsán, Àǹtí." Bí ẹni ń kí àlejò.

"Bọ́sẹ̀dé, ta ló wà lórí 'ilé' yẹn?"

"Ibi wo, Àǹtí?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ kí o sọ ọ́ fún mi ni."

"Ara yín kò yá lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣé ẹ rántí ikọ́ yẹn? Ẹ ti kọrin títí ọ̀fun yín fi há. Lọ́jọ́ kejì ẹ lọ sí Àkúrẹ́ nítorí ìwé ìrìnnà yín, Bọ̀dá Akin wá gbọ́ ọ, ó rí i pé ohùn já. Kò sí àyè láti pè yín padà. Ó ní kí n wá fi tèmi sí abẹ́ rẹ̀."

"Ẹ kò sì sọ fún mi."

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ. Ẹ ń lọ, Àǹtí. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbé ìyẹn lọ."

Mo bá a sọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ẹni tó ṣẹ̀ sọ. Kò rọrùn, nítorí Àǹtí ni mo jẹ́, àgbà kì í sábà kúnlẹ̀ fún ọmọdé lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀. Kò rí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi, mo ní kó dárí jì mí, kó padà sídìí orin, kó padà sọ́dọ̀ ìyá mi.

Ó sunkún díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ olè yẹn dùn mí gan-an o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má sọ ọ́ mọ́."

"N kò ní sọ ọ́ mọ́."

Ó padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní ọjọ́ kejì. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé ìyá mi fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba gbogbo ìpè wa ní Sátidé yẹn, tí mo ń di eyín mọ́ra, tí mo ń ní, "Ó ṣeun. Ó ṣeun gan-an." Àwọn kan á ní ó yẹ kí owú ti tán nígbà náà. Kò tán. Mo ti rí i pé ó lè máà tán láé, pé ara ohun tí èèyàn ń san fún lílọ ni. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dípò mi.

Nígbà tí ìkórè ìjọ wa ń bọ̀, Bọ̀dá Akin ṣe orin tuntun kan tí wọ́n fẹ́ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bọ́sẹ̀dé pè mí. "Àǹtí, mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Rọ́jà tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi yẹn, ṣé kò lè kọ́ yín bí ẹ ṣe máa gba ohùn yín sílẹ̀?"

"Èmi ni kí n lé e?"

"Àǹtí, ẹ wò ó..." ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wá ọ̀nà tí kò ní fi dùn mí.

"Jẹ́ kí n gbe ohùn kejì," ni mo yára sọ.

Rọ́jà kọ́ mi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni mo wọ̀, láàárín ẹ̀wù òtútù mi, kí ohùn má bàa máa ta padà lára ògiri. Mo fi ohùn Bọ́sẹ̀dé sí etí kan, mo ń kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó dá a padà: "Àǹtí, ẹ sáré jù. Ẹ dúró dè mí." Mo tún un ṣe. "Ó ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ ti ga jù mí lọ níbi kan." Ìgbà mẹ́fà ló dá a padà, nínú ooru kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, tí mo ń nu òógùn ní ilẹ̀ òtútù. Ní ìgbà keje, ó kàn kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi."

Ní ọ̀sẹ̀ tí orin náà jáde, ìyá mi tún fúnra rẹ̀ pè mí. Bọ́sẹ̀dé ti bá a tan án lórí fóònù, wọ́n ti jọ gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́ta.

"Orin náà dùn o. Bọ́sẹ̀dé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwọ náà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí, n kò gbọ́ ẹ. Ibo lo wà?"

Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Abẹ́ Bọ́sẹ̀dé ni mo wà, Ìyá," ni mo sọ fún un. "Tí mo bá kúrò níbẹ̀, ẹ máa mọ̀."